Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Nígbà tí a ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ogún àti bí a ti í tọ́jú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí pé kí n ṣí ìwé òfin, tàbí kí n mú ẹsẹ̀ Ìwé Mímọ́ kan kí n sì wàásù lé e lórí. Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ti rí i bí ẹ ti ń wọlé. Òun ni pikọ́ọ̀pù tí ó dúró lábẹ́ igi àgbọn ní iwájú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò bu iyì kún mi ní ibi gbogbo, ṣùgbọ́n mo ti pinnu láti sọ ọ́ bí ó ti rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà. Etíkun ni a gbé bí bàbá mi, níbi tí ilé gbé dúró lórí òpó nínú omi. Nígbà èwe rẹ̀, ọkọ̀ àjẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwa Ìlàjẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹja gbígbẹ tàbí ẹní, a ta ìgbòkun, a gba ojú ọ̀sà lọ sí Èpẹ́, sí Ejìnrìn, tàbí sí Èkó gan-an, a sì sun ojú omi kí ó tó dé. Ìgbọ́kọ̀dá yìí ni omi àti ilẹ̀ ti pàdé. Níhìn-ín ni ọkọ̀ ojú omi ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, níhìn-ín náà ni mọ́tò ti ń gbé e lọ sí Òkìtìpupa, sí Òrè, sí Oǹdó àti sí Àkúrẹ́. Bàbá mi rí i pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ ojú omi nìkan, ìdajì ọ̀nà ni ó ní. Àwọn onímọ́tò ni ń gba ìdajì èrè tí ó kù.

Nítorí náà, ní ọdún 1974, ó di owó ẹja rẹ̀ sínú àpò, ó lọ sí Èkó, ó sì padà wá pẹ̀lú pikọ́ọ̀pù Peugeot 404. Ọdún kan péré ni ó ti kọjá tí Náírà gba ipò Pọ́n-ùn, ọdún méjì péré ni ó sì ti kọjá tí a fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí tí a bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, nítorí pé ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni a ṣe ìyípadà náà. Bàbá mi máa ń fi èyí ṣe àwàdà. Ó ní òun jẹ ànfààní àìmọ̀, nítorí pé nígbà tí àwọn awakọ̀ àgbà ń tiraka láti gbàgbé ọwọ́ òsì, òun kò ní ohunkóhun láti gbàgbé.

Irú ọkọ̀ wo ni èyí? Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é. Èyí tí ó jẹ́ ti èrò ni ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1960, tí àwọn ará Ítálì tí à ń pè ní Pininfarina ya àwòrán ara rẹ̀. Ti ẹrù tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ẹnjini rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́rin, kò sì dúró ṣánṣán. Ṣe ni ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tí ó rọ̀gbọ̀kú. Ara ọ̀pá ìtọ́kọ̀ ni gíà rẹ̀ wà, kì í ṣe ilẹ̀. Bí bátìrì bá kú, ihò kan wà ní iwájú rẹ̀ tí a lè ti irin bọ̀, kí a sì fi ọwọ́ yí i títí yóò fi jí. Nínú ìdíje ọkọ̀ líle tí a ń ṣe ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, èyí tí a ń pè ní Safari, irú ọkọ̀ 404 ni ó borí ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní Bìní ti àwọn Faransé àti ní Tógò, níbi tí wọ́n ti máa ń fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí èrò lè jókòó sí i, wọ́n fi tapólì yẹn sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní bâchée. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n dáwọ́ ti èrò dúró ní ọdún 1975, ṣùgbọ́n ní Kẹ́ńyà wọ́n ń ṣe ọkọ̀ 404 títí di ọdún 1991. Kò sí ẹni tí ó wakọ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní ìgbà náà tí kò mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le. Kí bàbá mi tó ṣe ìrìbọmi, ó ti fẹ́ obìnrin kan ní ìlànà ilẹ̀ wa, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un. Obìnrin náà padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀, a sì dá owó orí padà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Lẹ́yìn èyí ni bàbá mi fi òrùka gbé ìyá mi níyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi sì bí àwa mẹ́rin. Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀dọ̀ bàbá ni ó dàgbà sí. Nígbà tí wọ́n fi èmi sí ilé-ìwé, òun wà lẹ́yìn ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Láti ọdún 1983 ni ó sì ti jókòó sí ìdí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ tí ń wà á fún bàbá.

Bàbá mi sùn ní ọdún 2009. A pín ilé, a pín àwọn ọkọ̀ ojú omi, kò sí ìjà. Ó ku pikọ́ọ̀pù. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni Yorùbá fi ń pín ogún: ìdí-igi, tí a fi ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyá tí ó bímọ, àti orí-ò-jorí, tí olúkúlùkù ọmọ yóò fi gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ nígbà kan rí. Ọ̀gbẹ́ni Suberu Dawodu ti Èkó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ẹjọ́ ogún rẹ̀ sì rìn títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1962, àwọn adájọ́ níbẹ̀ fi ọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni òfin àtayébáyé wa, pé orí-ò-jorí sì jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Bí a bá fi ìdí-igi pín ọkọ̀ wa, ìdajì rẹ̀ di ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Bí a bá fi orí-ò-jorí pín in, ìdá kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ayùn rẹ́ mọ́tò?

Èmi kò mú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo mú òmíràn. Láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbé òfin ìgbéyàwó kalẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1884, èrò kan ti wọ ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ìjọ lọ́kàn, pé ọmọ ìyá olórùka nìkan ni ọmọ. Mo gbàgbé pé láti ọdún 1979 ni òfin ńlá orílẹ̀-èdè yìí ti kọ̀ ọ́ pé kí a fi irú ìbí tí a bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, tí òfin ti ọdún 1999 sì tún un sọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé ọkọ̀ náà wà ní orúkọ mi. Bàbá ni ó rán mi láti lọ tún un gbà nígbà kan, nítorí pé èmi ni akọ̀wé ilé, orúkọ mi ni mo sì kọ sí i. Mo gbé ìwé yìí sókè níwájú ẹbí. Mo ní, “Ìwé ni ó ń sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jiyàn. Ó dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì, ó ní, “Ẹ̀yin Àlùfáà, kọ́kọ́rọ́ yín nìyí.” Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ ni ó pè mí ní “ẹ̀yin”. Mo rò nígbà náà pé ọ̀wọ̀ ẹ̀wù mi ni ó ń bù fún mi.

Kí ni mo fi ọkọ̀ náà ṣe? Mo gbé e sí abẹ́ igi, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin ará etíkun kò nílò kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ ìdí rẹ̀. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pàdé tí ìpẹta fi ń wáyé. Ní ilẹ̀ gbígbẹ, ìṣẹ́ yìí lọ́ra. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tiwa ti òkun wá, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kí irin gbẹ tán. Omi oníyọ̀ sì ń gbé agbára mànàmáná kéékèèké kọjá lára irin ju omi òjò lọ, nípa èyí tí irin fi ń jẹ ara rẹ̀ kíákíá. Ibi tí a kò rí ni ó ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀: inú ilẹ̀kùn, abẹ́ ìjókòó, inú férémù tí ihò wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìpẹta bá fi máa yọ sójú ọ̀dà, ó ti jẹ inú tán. Àwọn tí ń ra àlòkù irin bẹ̀rẹ̀ sí wá bẹ̀ mí wò. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn fi ìwọ̀n dá iye lé ọkọ̀ bàbá mi, bí ẹni ń wọn gàrí, ni ojú tì mí.

Ní ọdún 2015 mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní ìlú kan tí èmi kò ní dárúkọ. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó gbé e fún mi, ọkọ̀ náà ń dán bí awo tuntun, mo sì san owó tayọ̀tayọ̀. Èmi kò mọ̀ pé ṣe ni wọ́n rọ ohun ìdíhò lé ìpẹta lórí, tí wọ́n sì kun ún.

Mo dá wà á, mo fẹ́ lọ sí Òrè. Mo ti kọjá Òkìtìpupa nígbà tí omi rádíétọ̀ hó, tí èéfín bo ojú mi, tí ẹnjini sì kú. Ilẹ̀ ń ṣú. Mo jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú kọ́là àlùfáà lọ́rùn mi. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Àbúrò mi ni ó pe ẹni tí èmi kò ní ẹnu láti pè. Kò pẹ́, ọ̀kadà kan dé, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi kan àti sípánà méjì.

Ó ní, “Ẹ kú ewu, Àlùfáà.” Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka kan ti fáànù, fáànù náà sì yí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ó mi orí. Ẹ fi etí sílẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n wà nínú èyí. Fáànù irú ọkọ̀ yìí kì í yí ní gbogbo ìgbà. Àwọn tí ó ṣe é fi irin oníná kan sí i, tí yóò gbá fáànù mú kìkì nígbà tí omi bá gbóná, kí ẹnjini má baà fi agbára ṣòfò. Fún ilẹ̀ òtútù, ó dára púpọ̀. Nígbà tí ohun tí ń gbé iná dé ibẹ̀ bá ti jẹ tán, fáànù kò ní yí mọ́. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi ti rí i ní ọdún 1985, wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀ kí ó lè máa yí nígbà gbogbo. Mẹkáníìkì mi tú àwọn bóòtù náà, ó rò pé òun ń tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi dè wọ́n padà nínú òkùnkùn, kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwé ọkọ̀ náà wà nínú àpò mi ní gbogbo ìgbà tí ó ń ṣe èyí.

Òun ni ó wà wá sílé. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé, ó gbé ìjókòó sókè láti kó sípánà, ìwé ilé-ìwé kan sì bọ́ sílẹ̀ láti ibẹ̀, etí rẹ̀ ti gbó. Kò ṣà á. Mo mú un wọlé, mo sì kà á lójú fìtílà. Ìṣirò ọkọ̀ náà ni, ní ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n mi, láti ọdún 1983: epo, táyà, agbọ̀n ẹja, èrò. Mo dé ọdún 1991. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Owó kọ́lẹ́ẹ̀jì àlùfáà. Ẹja ọjà mẹ́ta.” Ní abẹ́ rẹ̀ ni ó kọ: “Owó tèmi: ó di ìgbà mìíràn.” Mo ṣí ewé títí. Mo ka “ó di ìgbà mìíràn” ní ibi mọ́kànlá láàrin ọdún tí mo fi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀yin ará, èmi ti máa ń sọ lórí pẹpẹ pé bàbá mi ni ó rán mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní òwúrọ̀ mo lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Dìde, àbúrò mi. Aṣọ rẹ yóò dọ̀tí.” Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé “ẹ̀yin” tí ó ti ń pè mí láti ọdún méje kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Ọdún méjì ni a fi tún ọkọ̀ náà ṣe, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. A tú gbogbo rẹ̀. A fi omi òjò fọ férémù lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí iyọ̀ lè jáde, nítorí pé ẹni tí ó bá kun ọ̀dà lé iyọ̀, ìpẹta ni ó ń bò mọ́lẹ̀. A gé ibi tí ó ti jẹrà, wẹ́dà fi irin tuntun dí i, a sì da ògbólógbòó ọ́ìlì sínú àwọn ihò férémù. Káńtà ọkọ̀ ojú omi ni ó ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni ó lò, igi tí kì í bẹ̀rù omi, ó sì fi àlàfo díẹ̀ sáàrin pákó àti pákó kí omi ẹja lè máa ṣàn lọ. A rí kábúrétọ̀ ní Gate ní Ìbàdàn, a rí ríìngì písítìnì ní Ládípọ̀ ní Èkó, àwọn ohun èlò bíréèkì sì ti Kútọnu wá. Nígbà tí mo bá fẹ́ yára, ẹ̀gbọ́n mi a ní kí n gbé sípánà sílẹ̀. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ bóòtù kò jọ ti ìwàásù, bí o bá ti fún un jù, ó já nìyẹn.”

Ní ọdún 2018 a gbé e lọ sí Oǹdó, ní ọ̀nà tí bàbá máa ń gbà. A fi afẹ́fẹ́ odò sílẹ̀ lẹ́yìn, a gba inú oko ọ̀pẹ àwọn Ìkálẹ̀ kọjá. A dé Òrè, níbi tí a ti jà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, tí gbogbo Yorùbá fi ń pa òwe títí di òní. A kọjá Odígbó, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí ga. Ní orí òkè, ẹ̀gbọ́n mi fà á sí gíà kejì, ẹnjini náà sì ń gun òkè bí àgbàlagbà tí ó mọ ìwọ̀n èémí rẹ̀. Nínú ọjà Oǹdó, ìyá arúgbó kan tí ń ta ẹja gbọ́ fèrè wa, ó sì dìde kí ó tó rí wa. Ó ní, “Ọkọ̀ Ìlàjẹ ti dé!”

Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, kí a tó dé Oǹdó, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti dá wa dúró. Ọ̀kan gba ìwé, ó kà á, ó bi wá pé, “Ta ni ó ni ọkọ̀ yìí?” Ìbéèrè ojoojúmọ́ ni fún un. Èmi ni orúkọ mi wà nínú ìwé. Mo wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí ọ̀pá ìtọ́kọ̀, èékánná rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi tí ń wà á yìí ni.” Ẹ̀ṣọ́ náà ní, “Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀.” Mo ní, “Ìwé ni ó ṣì í.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kí a lọ. Kí oṣù yẹn tó parí, mo lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, mo sì yí i sí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn kan nínú ọmọ ìyá mi bínú sí mi fún èyí. Ẹnìkan kò tíì yọ́nú pátápátá. Ṣùgbọ́n a jọ fi ẹnu kò lórí ohun kan. A kò pín ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a ń pín. Ní ọjọ́ ọjà, ó ń gbé ẹja àwọn obìnrin etíkun lọ sí Òkìtìpupa. A ń kọ́kọ́ yọ owó àtúnṣe, a ń san owó awakọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí “ìgbà mìíràn” mọ́. Èyí tí ó kù, orí-ò-jorí ni, àwa márààrún.

Kí n tó jókòó, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Èkínní: ogún tí a kò fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, òkú ogún ni. Ẹ wo Ayétòrò ní etíkun wa, tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ọ̀nà wọn lọ. Ilẹ̀ pàápàá lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tí ọwọ́ ti kọ́ ni omi kò lè gbé. Èkejì: kí a tó ka ìwé ogún, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ìwé iṣẹ́. Ẹ bèèrè ẹni tí ó wakọ̀, ẹni tí ó pẹja, ẹni tí ó wẹ arúgbó ní alẹ́, àti iye ìgbà tí a ti sọ fún un pé ó di ìgbà mìíràn. Ẹ̀kẹta: bí ẹ̀gbọ́n yín bá bẹ̀rẹ̀ sí pè yín ní “ẹ̀yin”, ẹ má ṣe yọ̀. Ẹ wádìí ohun tí ẹ fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lóde. Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ sí ọ̀nà Òkìtìpupa, àyè wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pẹ́.